Ta Ni Ó Ba Gẹ̀ẹ́sì Ọmọ Jẹ́?

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ èdè rántí òwe yìí nígbà tí a bá mú gègé pupa láti yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò. Gbólóhùn kan tí ó wọ́pọ̀ nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì wọn nìyí: "Although he was sick, but he came to school." Olùkọ́ a fa igi lé e, a sì kọ ọ́ sí etí ìwé pé Yorùbá ni ó ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ náà jẹ́. Ìdájọ́ yìí ni mo fẹ́ tako.

Kí ni Yorùbá wí? "Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá, síbẹ̀ ó wá sí ilé-ìwé." "Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé" bẹ̀rẹ̀ awẹ́ gbólóhùn afarahẹ, "síbẹ̀" sì dá a lóhùn nínú olórí awẹ́ gbólóhùn. Ọmọ náà kò gọ̀. Òfin ilé rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ asopọ̀ ni "although" àti "but" ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn sì ni irú gbólóhùn yìí gbà. Kí ó mú "although" kí ó fi "but" sílẹ̀, tàbí kí ó wí pé "He was sick, but he came to school." Bí kò bá fẹ́ kí "síbẹ̀" rẹ̀ ṣègbé, Gẹ̀ẹ́sì ní "yet", èyí tí ó lè tẹ̀ lé "although" láìsí ẹ̀bi. Yíyan ọ̀rọ̀ ni ó kùnà. "Síbẹ̀" kò jẹ̀bi.

Ti "a" àti "the" tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá lè dá dúró: "Mo ra ìwé" lè jẹ́ ìwé kan tàbí mẹ́wàá. Gẹ̀ẹ́sì kò gba "I bought book". Ọ̀rọ̀-orúkọ aṣeékà tí ó jẹ́ ẹyọ kan gbọ́dọ̀ ní ẹ̀yán níwájú. Àwọn olùkọ́ kan wá ń kọ́ ọmọ pé "kan" ni "a", "náà" sì ni "the". Ẹ̀kọ́ yìí kò pé. Ohun tí a ti mẹ́nu bà ṣáájú ni "náà" ń tọ́ka sí. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti wí pé "The sun has risen", "Oòrùn ti yọ" ni àwa wí. Ta ni í jí ní òwúrọ̀ tí í sọ pé "Oòrùn náà ti yọ"? Síbẹ̀, irú "náà" yìí ti kún inú àròkọ Yorùbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Gẹ̀ẹ́sì ń ba Yorùbá jẹ́, a kò sì rí ẹni tí ó fa igi pupa lé e.

Ẹnìkan lè wí pé Amos Tutuola kọ Gẹ̀ẹ́sì bí ó ti wù ú nínú The Palm-Wine Drinkard ní 1952, tí àwọn ará òkèèrè sì yìn ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ti àwọn kan nílé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé ni Tutuola. Ayé tirẹ̀ ni ó ń dá sílẹ̀. Olùkọ́ ni ẹ̀yin yóò jẹ́, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò sì jókòó ṣe ìdánwò.

Nítorí náà, bí ọmọ bá tún kọ "although" pẹ̀lú "but", ẹ má ṣe bú èdè ìyá rẹ̀. Ẹ kọ gbólóhùn Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì sí ara pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí ọ̀nà ti yà. Olùkọ́ tí kò mọ gírámà Yorùbá kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ̀kọ́ tí a sì ń fi ojú tín-ín-rín wò ni yóò tún Gẹ̀ẹ́sì ṣe.