Ọ̀tún Ta Ni? Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ sí Ọ̀nà Tí A Ń Gbà Tọ́ka sí Ẹ̀yà Ọkọ̀

Ìfáárà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: ọ̀tún àti òsì. Bí mẹkáníìkì kan ní Yábàá bá kọjú sí ọkọ̀, tí ó sì ní kí ọmọṣẹ́ òun tú iná ọ̀tún, iná méjì ni ọmọ náà lè tú: èyí tí ó wà ní ọ̀tún ọ̀gá rẹ̀, tàbí èyí tí ó wà ní ọ̀tún ọkọ̀. Láti yẹra fún àṣìṣe yìí, a máa ń gbọ́ "ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà". Lójú tiwa, ọgbọ́n ni èyí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí kò kún tó ni.

Ẹ̀rí Ọdún 1972

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ ní apá ọ̀tún. Ọkọ̀ tí awakọ̀ ń jókòó sí òsì rẹ̀ wá gbilẹ̀. "Ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà" ṣí kúrò ní ọ̀tún bọ́ sí òsì. Ọ̀tún ọkọ̀ kò ṣí. Ọ̀rọ̀ tí òfin ìrìnnà lè yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà kò yẹ ní ìperí.

Ìlànà Àwọn Ayàwòrán Ọkọ̀

Àwọn ayàwòrán ọkọ̀ ń fi ìlà mẹ́ta wọn gbogbo ẹ̀yà rẹ̀: X fún gígùn, Y fún ìbú, Z fún gíga. ISO 4130 ti ọdún 1978 ń ka X lọ sí ẹ̀yìn, Y lọ sí ọ̀tún, Z lọ sí òkè. ISO 8855, tí ó wà fún ìmọ̀ nípa ìrìn ọkọ̀, ń ka X lọ sí iwájú, Y lọ sí òsì, Z lọ sí òkè.

Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ lè pe èyí ní rúdurùdu. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí ó dúró ni ìlànà kìíní ń kà, láti iwájú lọ. Ohun tí ó bá tẹ̀ lé e wà lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ń sọ pé "lẹ́yìn náà". Ọkọ̀ tí ń rìn ni èkejì ń kà, ibi tí à ń lọ ni iwájú. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Síbẹ̀, ọ̀tún ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni àwọn méjèèjì dì mú.

Bí a bá ń gbé ìwọ̀n kúrò nínú ISO 4130 bọ́ sínú ISO 8855, X àti Y ni a gbọ́dọ̀ yí padà pọ̀. Ẹni tí ó bá yí X nìkan ti sọ ọkọ̀ di àwòrán inú jígí. Gbogbo ìwọ̀n yóò pé, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ọ̀tún yóò ti di ti òsì. Dánfó tí a bá kọ́ láti inú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ yóò máa sọ èrò kalẹ̀ sí àárín títì ní Yábàá.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn kan lè sọ pé "ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà" tó fún ẹni tí ọkọ̀ wà níwájú rẹ̀. A gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń kàwé kò rí ọkọ̀ kankan. Èdè Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lé ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Iṣẹ́ ọkọ̀ ṣì kù. Èdè wa sì ti la ọ̀nà sílẹ̀. A ní ojú ọkọ̀, a ní ẹsẹ̀ ọkọ̀, a ní ìdí ọkọ̀. Ohun tí ó bá ní ojú ní ọ̀tún tirẹ̀. Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí "ọ̀tún ọkọ̀" àti "òsì ọkọ̀" jẹ́ ìperí, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ń kọ ìwọ̀n sílẹ̀ sọ ní ojú ewé kìíní ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ìhà tí ó ń kà á lọ.