Ilà Tí Agbẹ́gilére Kò Gbẹ́

Nínú gbogbo ère abiyamọ tí mo ti fojú rí, yálà olúmẹ́yẹ tí ó kúnlẹ̀ tí ó gbé igbá lọ́wọ́ ni tàbí èyí tí ó pọn ọmọ sẹ́yìn, n kò tíì rí ẹyọ kan tí agbẹ́gilére gbẹ́ ilà oyún sí ikùn rẹ̀. Ilà oyún ni n ó máa pe àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó máa ń là sí ikùn, ọmú, ìbàdí àti itan obìnrin nígbà tí oyún bá ń dàgbà, nítorí pé n kò gbọ́ orúkọ kan tí gbogbo Yorùbá fohùn ṣọ̀kan lé lórí fún un. Àwọn ère wọ̀nyí bímọ, wọ́n pọnmọ, wọ́n ń fọ́mọ lọ́mú, síbẹ̀ ikùn wọn ń dán bí ikùn wúńdíá. Kí ni ó fà á?

Ẹni tí kò bá mọ ìlànà ọnà wa lè sọ pé ọkùnrin ni àwọn agbẹ́gilére, pé wọn kò bìkítà nípa ara obìnrin. N kò fara mọ́ èyí. Ní 1973 ni Robert Farris Thompson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí bí àwọn Yorùbá fúnra wọn ṣe ń ṣe lámèyítọ́ ère. Ó ti bi àwọn ènìyàn léèrè pé èwo nínú ère ni ó dára, kí sì ni ó mú un dára. Lára ohun tí ó rí kọ sílẹ̀ ni jíjọra, dídán àti ọ̀dọ́. Jíjọra ni pé kí ère jọ ènìyàn níwọ̀n, kí ó má jọ ọ́ jù. Dídán ni pé kí ojú igi máa dán gbinrin. Ọ̀dọ́ ni pé kí a gbẹ́ ènìyàn sí ìgbà tí agbára rẹ̀ kún jù lọ, bí ó tilẹ̀ ti darúgbó. Bí agbẹ́gilére bá fi ilà oyún sílẹ̀, nígbà náà, kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òfin igi ni ó ń tẹ̀ lé, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń fi ara híhunjọ àgbàlagbà sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ọ̀bẹ kan náà tí ó fi ilà oyún sílẹ̀ kì í fi gbogbo ilà sílẹ̀. Ilà ojú máa ń hàn kedere lára ère, ère ìbejì mìíràn sì wà tí a fín ilà sí ikùn rẹ̀. Kóló ni olóólà máa ń fi abẹ kọ sí ara obìnrin, sí apá, itan, ẹ̀yìn tàbí ikùn, tí yóò sì fi dúdú ra á kí ó lè hàn. Ìrora rẹ̀ kò kéré. Obìnrin tí ó bá fara dà á ni a gbà pé yóò lè fara da ìrọbí. Ìkórìíra ilà kọ́ ni ó wà nídìí dídán ikùn ère. Ilà tí ènìyàn yàn, tí a sanwó rẹ̀ fún olóólà, ọnà ni. Ilà tí ara fúnra rẹ̀ kọ, tí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun ni kò ríbi wọlé. Bákan náà ni ó rí lọ́dọ̀ àwọn Makonde ní Tanzania àti Mozambique, níbi tí ọkùnrin oníjó ti máa ń so ikùn aboyún onígi mọ́ra: ilà ẹwà tí a fín ni wọ́n fi ń ṣe ikùn náà lọ́ṣọ̀ọ́. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pàápàá, tí ó jẹ́ pé iyì àwọn ìyá ni gbogbo eré náà dá lé, títóbi ọmú àti ìbàdí ni ó fi ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe awọ.

Bí òfin igi bá dúró sára igi, n kò ní ẹjọ́. Ẹjọ́ mi bẹ̀rẹ̀ níbi tí a ti gbé e kúrò níbẹ̀ wá sára obìnrin alààyè. Oríyìn wa ti ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí tipẹ́: adúmáadán, ìbàdí àrán. Ọ̀rọ̀ dídùn ni wọ́n, mo sì ń kọ́ni ní wọn, ṣùgbọ́n awọ ọmọge ni wọ́n ń yìn. Àwọn olùpolówó ìpara ni wọ́n wá parí èyí tí ó kù. Ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ èrò, ní ọjà àti lórí rédíò. Wọ́n ní ìpara tiwọn ń pa ilà rẹ́, ó ń wẹ̀ ẹ́ nù, ó ń dá ara padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ wá fi wọ́n wé ọ̀rọ̀-ìṣe àwọn ìyá wa: a fi òrí para, a fi àdín ra ọwọ́ ra ẹsẹ̀, a kun osùn. Para, ra, kun: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ṣèlérí pé nǹkan kan yóò kúrò. Òrí ń mú kí awọ rọ̀, ó ń dín gbígbẹ àti yíyún kù, ìyá àgbà tí ó ń fi ra ikùn ọmọ rẹ̀ sì mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe nìyẹn, àti pé ọwọ́ òun wà lára ọmọ òun. Ní ti "pa rẹ́", ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì ojú pátákó ni.

Ilà oyún kì í sì í ṣe ṣọ́ọ̀kì. Kò sí lójú awọ. Nísàlẹ̀ ni ó wà, níbi tí àwọn okùn tín-ín-rín tí a ń pè ní collagen àti elastin ti di awọ mú. Bí ara bá ń fẹ̀ kíákíá, tí hòmóònù oyún sì ti sọ okùn náà di ẹlẹgẹ́, yóò já. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní in ṣeé ṣe kí òun náà ní in. Aboyún tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré máa ń ní in ju èyí tí ó dàgbà lọ. Oyún ìbejì, tí Igbó-Ọrà lókìkí fún, tún ń fẹ ikùn ju ti ọmọ kan lọ. Ní 2012, àwọn olùwádìí ẹgbẹ́ Cochrane kó àyẹ̀wò 6 jọ, tí a ṣe fún 800 obìnrin. Wọn kò rí ẹ̀rí tí ó múná dóko pé ìpara kankan ń dènà rẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣí, kò kàn ní í lọ tán ni. Èmi tí mo ń kọ èyí bí mẹ́ta. Tèmi ṣì wà níbẹ̀, wọn kò dí mi lọ́wọ́ ohunkóhun.

Bí ó bá jẹ́ owó nìkan ni ó ń bọ́ lọ́wọ́ aboyún, ǹ bá má fi àròkọ kan ṣòfò lé e. Àwọn ìpara abóra kan wà tí ó ní sìtẹ́rọ́ìdì nínú. Sìtẹ́rọ́ìdì a máa sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a sì máa fa irú ilà yìí gan-an, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí a rà láti pa ilà rẹ́ ni yóò kọ òmíràn. Mẹ́kúrì wà nínú òmíràn. Ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń ti ara ìyá wọ ara ọmọ. Tretinoin, tí àwọn kan ń fi sí ilà, àwọn dókítà kì í fún aboyún.

Ewu kan tún wà tí kò sí nínú ìpara rárá. Nítorí pé ẹwà nìkan ni a fi ń sọ̀rọ̀ awọ aboyún, gbogbo yíyún ni a ń kà sí ara tí ó ń fẹ̀. Yíyún ikùn tí awọ rẹ̀ ń fẹ̀, òrí tó o. Ṣùgbọ́n yíyún àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ tí ó dé nígbà tí oyún ti gbó, tí ó ń le sí i lálẹ́, tí èélá kankan kò sì bá a wá, ó lè jẹ́ àìsàn ẹ̀dọ̀ tí ó lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn ni ó lè fi í hàn, kì í ṣe ìyá oníìpara.

Ọ̀rọ̀ tí a bá lò ṣe pàtàkì, nítorí náà. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ń túmọ̀ ìwé pélébé kan fún àwọn aboyún, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí orúkọ yìí. Ọ̀kan kọ "àbàwọ́n ara". Mo fagi lé e. Òmíràn kọ "àpá", ó sì fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀ pé ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Mo ní òwe ọgbẹ́ nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì ṣá obìnrin yìí lọ́gbẹ́. Kí ó kọ "ilà oyún". Ó ní bí ó bá jẹ́ ilà, ta ni olóólà tí ó kọ ọ́? Ọ̀kan nínú wọn, tí oyún tirẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ, dáhùn láti ẹ̀yìn pé èyí tí ó wà nínú òun ni, ó sì ń kọ ọ́ lọ́wọ́. A fi ilà oyún sílẹ̀ nínú ìwé náà.