Ta Ni Ó Bi Samba Diallo Léèrè?

Ní ọdọọdún, bí èsì BAC bá ti jáde, ìbéèrè kan náà ni a máa ń gbọ́ láti Àjàṣẹ́ dé Kétu, láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Atakpamé: níbo ni ọmọ yìí yóò lọ, kí ni yóò sì lọ kọ́? Àwọn kan ń wo Abomey-Calavi, àwọn kan ń wo Parakou tàbí Lomé. Àwọn mìíràn ń wo òdìkejì ààlà ní Nàìjíríà, níbi tí èdè wa kì í ti í ṣe àjèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀. Àwọn tí agbára òbí wọn gbé e ń wo Faransé. Nínú gbogbo ìrọ́kẹ̀kẹ̀ yìí, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni rántí pé ìwé méjì tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti kà ní kíláàsì dá lé ọ̀rọ̀ yìí gan-an.

Àwọn ìwé náà ni *L'Enfant noir*, tí Camara Laye, ọmọ Kouroussa ní ilẹ̀ Gínì, gbé jáde ní 1953, àti *L'Aventure ambiguë*, tí Cheikh Hamidou Kane, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl, gbé jáde ní 1961. Bí a ṣe kọ́ wa láti máa kà wọ́n ni pé àṣà ìbílẹ̀ wà ní apá kan, ọ̀làjú òyìnbó wà ní apá kejì, akọni ìtàn sì há sí àárín. A kò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n irú kíkà bẹ́ẹ̀ ti mú kí a gbójú fo ohun tí ó súnmọ́ wa jù lọ nínú wọn. Ìtàn nípa bí ìdílé ṣe ń gbìmọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ọmọ ni ìwé méjèèjì. Lójú tiwa, ibi tí ìgbìmọ̀ náà ti kù díẹ̀ káàtó ni wọ́n ti ní ẹ̀kọ́ jù lọ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Laye. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá ọmọ inú ìwé náà. Ó ń rọ irin, ó sì ń yọ́ wúrà. Ọmọ náà a máa jókòó sí àgbẹ̀dẹ, a máa wo iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ilé-ìwé ti ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀. Bàbá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fi ìbànújẹ́ sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀, pé ẹ̀rù ń ba òun pé kò ní pẹ́ tó lọ́dọ̀ òun láti gba ogún tí òun ì bá fi lé e lọ́wọ́. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 15, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Conakry láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ Mamadou, àbúrò bàbá rẹ̀.

Ní Conakry yìí ni ìran kan wà tí a kì í sábà dúró lé lórí ní kíláàsì. Ilé-ìwé náà kò tẹ́ ọmọ náà lọ́rùn. Ẹ̀kọ́ inú ìwé tí wọ́n ń kọ́ ọ níbẹ̀ kò tó èyí tí ó ti mọ̀ láti Kouroussa, ó sì fẹ́ fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ilé-ìwé mìíràn. Mamadou kò jágbe mọ́ ọn, kò sì sọ fún un pé ohun tí àgbà bá ti wí ni abẹ gé. Ó bá a jókòó, ó sì ṣàlàyé ibi tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan já sí: ọ̀kan lè sọ ọ́ di akọ̀wé tí yóò máa ha ìwé nínú ọ́fíìsì, èkejì lè gbé e dé ipò tí ó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà gbọ́, ó sì dúró. Nínú gbogbo ìwé náà, a kò rí ibòmíràn tí àgbà ti bá ọmọ sọ̀rọ̀ nípa ohun tí yóò kọ́ pẹ̀lú irú sùúrù báyìí. Ibi tí yóò lọ ni àwọn yòókù ń sọ.

Ohun mìíràn tún wà tí ìwé náà kò tẹnu mọ́, ṣùgbọ́n tí àwa tí a bí sí ilẹ̀ tí wọ́n ti mọ Ògún kò gbọdọ̀ gbójú fò. A máa ń sọ pé ọmọ yìí fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, ìdí irin náà ni ìmọ̀ràn Mamadou sì dá a dúró sí. Ohun tí kò rí gbà tán ní àgbẹ̀dẹ bàbá rẹ̀ ni ó ń wá ní ìlú ńlá, lọ́wọ́ olùkọ́ mìíràn. Ẹ̀kọ́ tí a bá yàn lè jìnnà sí ilé ní ti ọ̀nà, kí ó má sì jìnnà sí ilé ní ti iṣẹ́. Àwọn ọmọ àgbẹ̀, ọmọ ahunṣọ àti ọmọ oníṣòwò tí wọ́n ń ka ìwé yìí lónìí lè rí ara wọn níbẹ̀, bí olùkọ́ bá dúró díẹ̀ kí wọ́n lè rí i.

Lẹ́yìn tí ọmọ náà yege, ọ̀gá ilé-ìwé fi Faransé lọ̀ ọ́. Bàbá gbà. Ìyá ni ó kù. Ó ń gún ọkà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n lọ bá a, bàbá kò sì mọ bí yóò ti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Gbogbo wa ni a rántí ìbínú ìyá yìí. Nínú àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí a máa ń rí kà ni pé ìfẹ́ abiyamọ ni ó mú un kọ̀, bí ẹni pé ọkàn nìkan ni ó fi ń sọ̀rọ̀, tí kò lo ọpọlọ. A kò fara mọ́ èyí. Ìyá náà ní àwíjàre. Ó rí i pé láti ọjọ́ tí ọmọ òun ti wọ ilé-ìwé àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń fà á lọ, pé ilé-ìwé kan kì í ṣe ju kí ó fi ọmọ lé òmíràn tí ó jìnnà jù ú lọ lọ́wọ́. Ó fẹ́ mọ ibi tí yóò parí sí. Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn ní tòótọ́. Wọ́n rọ̀ ọ́ ni, wọn kò fèsì.

Àléébù tí a rí sí *L'Enfant noir* kò jìnnà sí èyí. Mongo Beti, òǹkọ̀wé ọmọ Kamẹrúùnù, bá Laye wí nígbà náà pé ó dákẹ́ lórí ìyà tí ìjọba amúnisìn fi ń jẹ àwọn ènìyàn. Ẹ̀sùn ńlá nìyẹn. Tiwa kéré sí i: Laye dákẹ́ lórí ọdún tí ó tẹ̀ lé ìrìn àjò. Bí ọmọ náà ti kúrò nílé, tòun ti àwòrán ọ̀nà ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ìlú Paris nínú àpò rẹ̀, ni ìwé náà parí. Bẹ́ẹ̀ sì ni òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ mọ́tò ní Argenteuil, ó sì ṣe òwò lébìrà nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ kí ó tó rọ́nà lọ. Nínú *Dramouss*, tí ó jáde ní 1966, ni ó tó sọ díẹ̀ nínú ìnira ọjọ́ wọ̀nyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka ìwé àkọ́kọ́ nìkan lè rò pé wíwọ ọkọ̀ òfuurufú ni òpin ìtàn. A rọ àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n má ṣe ya ìwé méjèèjì nípa.

Ti Kane yàtọ̀. Nínú *L'Aventure ambiguë*, gbogbo ìlú Diallobé ni ó ń gbìmọ̀. Olórí ìlú ń gbé èrè ilé-ìwé tuntun lé orí ìwọ̀n mọ́ àdánù rẹ̀, kò sì rí èyí tí ó wúwo jù. Thierno, olùkọ́ ilé kéú, ń ṣàníyàn nípa ohun tí yóò ṣẹ̀ sí ẹ̀sìn àwọn ọmọ. La Grande Royale, obìnrin tí gbogbo ìlú ń bọ̀wọ̀ fún, pe tọkùnrin tobìnrin jọ, ó sì ní kí àwọn ọmọ lọ. Kò fi bò wọ́n lójú pé ilé-ìwé náà yóò gba ohun tí àwọn fẹ́ràn lára àwọn ọmọ náà; ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni àgbẹ̀ ṣe ń fi irúgbìn rere fún ilẹ̀. A kò mọ ìwé mìíràn ní èdè Faransé nílẹ̀ wa tí ó fún gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn láàyè báyìí láti sọ tẹnu wọn. Ẹwà ìwé náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n gbìmọ̀ lé lórí: bóyá kí ọmọ lọ tàbí kí ó má lọ. Nígbà tí wọ́n ti fẹnu kò, ọ̀rọ̀ parí. Samba Diallo ka ìwé, ó yege, ó dé Paris, ó sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ fìlósófì. Ta ni ó yàn án fún un? Báwo ni ó ṣe yàn án? Ìwé náà fò ó kọjá. Ìdí oúnjẹ ní ilé àwọn òbí Lucienne, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Paris, ni a ti gbọ́ ìbéèrè náà, bàbá Lucienne, tí í ṣe pásítọ̀, ni ó sì béèrè rẹ̀. Samba Diallo kò ní èsì tí ó dúró ṣinṣin. Bí ó ti ń bojú wẹ̀yìn, ó fura pé ewu inú ọ̀nà náà gan-an wà lára ohun tí ó fà á. Àlejò ni ó bi í, ní ilẹ̀ àlejò, lẹ́yìn tí omi ti tẹ̀yìn wọ igbín lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, lẹ́tà bàbá rẹ̀ ni ó pè é padà sílé, níbi tí ikú ń dúró dè é. Àwọn mìíràn ni ó rán an lọ, àwọn mìíràn ni ó pè é bọ̀.

Nítorí náà, a kò gbà pé ìwé yìí ń kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kí ó sá fún fìlósófì. Kane fúnra rẹ̀ kọ́ fìlósófì, ó kọ́ òfin mọ́ ọn, ó kọ́ iṣẹ́ ìṣàkóso ìlú, ó sì ṣe gómìnà àti mínísítà ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ó fún akọni rẹ̀ ní ọ̀kan péré nínú ohun tí òun alára dì mú. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ náà ni ó pa Samba Diallo bí kò ṣe pé ó dá nìkan wà nídìí rẹ̀: kò sí ẹnikẹ́ni nílé tí ó bá a sọ ọ́ kí ó tó lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò wá sí wa lọ́kàn fúnra rẹ̀. A ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka ìwé yìí fún ọdún mélòó kan, ìbéèrè ìdánwò nìkan ni a sì ń bi wọ́n. Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba BAC D dìde, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí Samba Diallo tó lọ, ta ni ó bi í léèrè?” A ń wá èsì nínú ìwé, àṣé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni ó ń sọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí ó ń san owó ilé-ìwé rẹ̀, ti ní ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni yóò kà ní Kútọ̀nù. Ọmọ náà fẹ́ kọ́ nípa ọ̀gbìn àti ẹran ọ̀sìn, èyí tí ènìyàn lè kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Kétu níbí. Lójú àgbà náà, ẹni tí ó kàwé tí kò kúrò nílé kò tíì kàwé.

A kò sọ fún un pé kí ó ṣàìgbọràn. A ní kí ó lọ sọ ìtàn Mamadou fún bàbá rẹ̀ àgbà. Ó wá bi wá pé èdè wo ni òun yóò fi sọ ọ́. Ìbéèrè náà dùn wá, nítorí pé òótọ́ ni. Faransé ni a fi kọ́ ọ ní gbogbo ohun tí ó mọ̀ nípa àwọn ìwé wọ̀nyí, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n fi ń gbìmọ̀ lórí ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ nílé. A jókòó tì í, a jọ tún ìtàn náà sọ ní Yorùbá títí ó fi mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tí ó padà wá, ó ní bàbá náà kò tíì gbà, ṣùgbọ́n ó ti béèrè ohun kan tí kò béèrè rí: “Iṣẹ́ wo gan-an ni ìwọ yóò máa ṣe? Mú ẹnì kan tí ó ń ṣe é wá kí n rí i.”

Àwọn bàbá wa kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àwàdà. Nínú ìtàn Ifá nípa yíyan orí, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni ó ń lọ sí ilé Àjàlá. Àwọn méjì kò dúró gba ìmọ̀ràn lọ́nà. Afùwàpẹ́ yà sí ilé bàbá rẹ̀, ó gbọ́ ohun tí wọ́n wí, ó rúbọ, ó sì lọ. Orí rere ni ó bá bọ̀. A kì í sábà kíyè sí i pé ohun méjì ni ìtàn náà gbé papọ̀: Afùwàpẹ́ gba ìmọ̀ràn, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ni ó dé ilé Àjàlá. Kò sí ẹni tí ó bá a lọ kúnlẹ̀. Samba Diallo ní ìlú tí ó gbìmọ̀, kò ní ẹni tí ó bi í. Ọmọ Kouroussa ní Mamadou, ìyá rẹ̀ kò sì rí èsì gbà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nínú ìwé méjèèjì, ìdajì òwe náà ni a rí.

Ohun tí a ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ nínú ẹgbẹ́ wa kò pọ̀. Bí ẹ bá ń kọ́ni ní ìwé wọ̀nyí lọ́dún yìí, ẹ dúró ní ìran Mamadou àti ní ìdí oúnjẹ ilé Lucienne. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ wọ́n ní Yorùbá kí wọ́n tó kọ wọ́n ní Faransé. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń san owó, ẹ̀tọ́ yín ni láti gbani nímọ̀ràn, kò sì sí ọmọ rere tí yóò bá yín du ú. Ṣùgbọ́n kí ọmọ náà tó di ẹrù rẹ̀, ẹ bi í léèrè, kí ó má baà jẹ́ pé àlejò ni yóò kọ́kọ́ bi í.