Ìjókòó Ló Tú Àṣírí: Lórí Bọ̀lẹ̀kájà Oníke Kan

Àwọn kan ti ń béèrè pé ṣé ara mi ò yá ni. Ara yá. Ọ̀dọ̀ ọmọ ni mo lọ ní Amẹ́ríkà, níbẹ̀ ni mo sì ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń retí ọ̀rọ̀ lórí ewì tàbí ìtàn àròsọ lè bínú díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, a máa dé ibi tó kàn yín.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ń gbé ní Michigan. Ó wá mú mi, ó gbé mi lọ sílé rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú mi sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé. Mọ́tò kéékèèké oníke ló kún orí pẹpẹ níbẹ̀, wọ́n á tó ogójì. Ó gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, kò gùn ju ọwọ́ mi lọ. Ó ní, "Prof, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò ní kí ẹ yìn ín o. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ ṣe máa ń yẹ iṣẹ́ wa wò nígbà yẹn."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Ní 1986, mo fi bírò pupa kọ ọ̀rọ̀ méjì sí orí àròkọ rẹ̀: *Àlẹ̀mọ́ lásán*. Ó ti mú gbólóhùn kan lọ́dọ̀ alámèyítọ́ kan, ó mú òmíràn lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ó rán wọn pọ̀, ó fi sílẹ̀. Ó fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì náà, ó sì tún un ṣe lọ́dún tó tẹ̀lé e. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, kò gbàgbé. Mọ́tò tó wá gbé fún mi yìí ńkọ́? Àlẹ̀mọ́ ni láti imú dé ìdí.

Kí n tó dájọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí à ń wò. Àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà máa ń ra páálí tí ẹ̀yà mọ́tò oníke wà nínú rẹ̀, wọn á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀. Kíìtì ni wọ́n ń pè é. Ní 1958, AMT, ilé iṣẹ́ kan ní Michigan níbẹ̀ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta kíìtì tí a lè tò ní ọ̀nà mẹ́ta: bí mọ́tò ṣe rí nígbà tó jáde tuntun, bí èyí tí a ti tún ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tàbí bíi ti eré ìje. Ẹ ronú sí i. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, ṣùgbọ́n mọ́tò kan ṣoṣo léèyàn máa rí tò níbẹ̀. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ìyókù? Rímù á ṣẹ́ kù, páìpù á ṣẹ́ kù, nígbà mìíràn odindi ẹ́ńjìnnì á ṣẹ́ kù. Ọmọ ọdún méjìlá á kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí bàtà. Inú páálí bàtà yẹn ni iṣẹ́ ọnà yìí ti jáde. Àwọn tó ń ta kíìtì ló fọwọ́ ara wọn pín èlò fún un.

Ẹ̀ka rẹ̀ tó ya wèrè jù ni wọ́n ń pè ní show rod, ìyẹn mọ́tò tí a kàn torí kí èèyàn lè dúró wò ó, kó lanu. Ed Roth ní California ni àgbà ọ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Ó máa ń fi POP, irú èyí tí à ń fi ṣe àjà ilé, mọ ara mọ́tò bí amọ̀kòkò, á wá fi fáíbà dà á. Beatnik Bandit rẹ̀ kò ní sitéárìn rárá, ọ̀pá kan ṣoṣo ni awakọ̀ máa fi darí rẹ̀ lábẹ́ òrùlé roboto kan tó mọ́ gaara bí ìfófò ọṣẹ. Mysterion rẹ̀ ti 1963 ní ẹ́ńjìnnì Ford méjì, iná iwájú rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lápá kan, bí olójú kan. Mọ́tò náà kò pẹ́ láyé, wọ́n tú u palẹ̀. Kíìtì tí ilé iṣẹ́ Revell fi àwòrán rẹ̀ ṣe ló ṣẹ́ kù fún wa.

Àmọ́ Tom Daniel lèmi fẹ́ràn jù, ẹni tó ya àwòrán fún ilé iṣẹ́ Monogram. Ní 1968, wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ kan jáde: akoto ọmọ ogun Jámánì, tòun ti ṣóńṣó orí rẹ̀, ni ó fi ṣe òrùlé mọ́tò kékeré pupa kan, ó gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú síwájú, ó pè é ní Red Baron. Kò sí mọ́tò gidi kankan tó rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Kíìtì yẹn lókìkí débi pé wọ́n wá kan mọ́tò gidi láti ara ohun ìṣeré ọmọdé. Chuck Miller ló kàn án, ẹ́ńjìnnì Pontiac ló sì fi sí i. Àwòrán ló kọ́kọ́ dé ayé, ẹni tó ni àwòrán wá dé lẹ́yìn!

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Red Baron: akoto di òrùlé. Gbogbo ohun yòókù lára rẹ̀ ń sin gbólóhùn yẹn. Ọmọ kékeré lè ròyìn rẹ̀ lórí fóònù, kí ẹni tí kò rí i rí mú pẹ́ńsù kó sì yà á. Èyí ni mo fi ń mọ ojúlówó nínú wọn. (Daniel náà ní èyí tí kò wọ̀ mí lọ́kàn. Rommel's Rod, tó gbé egungun òkú jókòó sínú ọkọ̀ ológun, kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ogun yẹn kan náà ló gbé ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ sí Burma tí kò fi padà bọ̀.)

Ó yá, ká padà sí yàrá abẹ́ ilé. Bọ̀lẹ̀kájà ni ọmọkùnrin yìí kàn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máà mọ̀ ọ́n. Lọ́rì onípákó ni, òun ló ń gbé wa láti ìlú dé ìlú nígbà èwe mi. Èrò á jókòó kojú ara wọn lórí bẹ́ǹṣì, orúnkún á máa gbá orúnkún, ẹnì kan á tẹ ẹnì kejì mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ á wá di "bọ́ sílẹ̀ ká jà." Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Akẹ́kọ̀ọ́ mi gbé lọ́rì yìí lé táyà eré ìje, ó ki ẹ́ńjìnnì Hemi ti Chrysler sí i nímú, páìpù èéfín mẹ́jọ na ọwọ́ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sí iwájú orí rẹ̀, níbi tí àwọn onílọ́rì máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí, ó fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kọ ọ́: *Sùúrù Lérè*.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú mi. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ojú mi.

Imú rẹ̀ àti ibi tí awakọ̀ ń jókòó, láti inú Beer Wagon ti Tom Daniel ló ti gé e. Ẹ́ńjìnnì jẹ́ ti kíìtì AMT. Táyà ẹ̀yìn jẹ́ ti ọkọ̀ eré ìje kan tí kò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Pákó ara rẹ̀ kì í ṣe pákó, ike pẹlẹbẹ tó fi abẹ fa ìlà sí lára ni, ó wá kùn ún títí ó fi dà bí ìrókò tí òjò ti pa. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti dùn jù. Mo fi èékánná kàn án kí n tó gbà pé ike ni.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń jà lórí ìwọ̀n. Nígbà náà, Monogram máa ń ṣe irú mọ́tò wọ̀nyí ní ìdá kan nínú 24 mọ́tò gidi, AMT ní ìdá kan nínú 25. Lójú tèmi, ìyẹn kò tó ìjà. Ìyàtọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ́ńjìnnì tó tóbi díẹ̀, a ó ní ó lágbára ni. Táyà tó tóbi jù, ohun tí show rod ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Irọ́ ni mọ́tò náà látilẹ̀, ta ló máa fi rúlà lé e kiri?

Ìjókòó ló yàtọ̀. Ojú wa mọ ìdí èèyàn, ó mọ ibi tí orúnkún ti ń ṣẹ́, kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Nígbà tí mo wo inú lọ́rì náà láti ẹ̀yìn, nǹkan kan ń dà mí láàmú, mi ò sì mọ ohun tó jẹ́. Mo ní kó fún mi ní rúlà. Bẹ́ǹṣì tí àgbàlagbà ń jókòó sí máa ń ga tó sẹ́ńtímítà 45. Ní ìdá kan nínú 24, ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 19. Ti inú ọkọ̀ yìí kò ju 14 lọ. Mo bi í pé níbo ló ti rí i. Ó ní inú kíìtì bọ́ọ̀sì kan ni, ìdá kan nínú 32. Bẹ́ǹṣì jẹ́lé-ó-sinmi ló gbé sínú lọ́rì.

Ó ní, "Ṣé wọ́n á rí i, sà? Inú lọ́hùn-ún ni."

Àwa la máa rí i. Nítorí pé bẹ́ǹṣì kéré, wọn ò ga, wọn ò fẹ̀, àyè tó wà láàárín wọn wá gbòòrò bíi pálọ̀. Kò sí orúnkún tó máa kan orúnkún níbẹ̀. Ọkọ̀ tí a pè ní bọ̀lẹ̀kájà, tí kò sí ẹni tó lè bá ẹnì kejì jà nínú rẹ̀! Ká ní ẹ́ńjìnnì ló ṣì mú ni, mi ò bá dákẹ́. Ibi tí àwàdà ọkọ̀ náà ń gbé gan-an ló ti ṣèṣì.

Àléébù kejì kò tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dán bíi fàdákà ti pọ̀ jù lára rẹ̀: imú ń dán, fìtílà ń dán, ẹ́ńjìnnì ń dán. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ń dán, ẹ́ńjìnnì tó yẹ kó jẹ́ àlejò nínú lọ́rì gbígbó yìí á kàn dà bí ọmọ ilé. Dídán inú kíìtì kì í ṣe ọ̀dà, alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Tí a bá rì í sínú Jik, yóò ṣí kúrò. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ló tiẹ̀ kọ́ mi. Ó kàn ń dùn ún láti ba ohun tó ń dán jẹ́ ni. Mo mọ àìsàn yìí dáadáa. Àwọn akéwì wa kan ní i, òwe ni wọ́n ń fi ṣe tiwọn.

Ó wá bi mí ní ìbéèrè tó mú mi dé abẹ́ ilé yẹn. "Àlẹ̀mọ́ lásán náà ni, àbí, Bàbá?"

Mo ní rárá. Mo ní máàkì ọdún 1986 kò ṣàìtọ́, àròkọ náà ò dára. Ìdí tí mo kọ sí orí rẹ̀ ni kò tọ́, ó sì yẹ kí n sọ ọ́ níbí, nítorí mo fi ìdí yẹn kan náà gé máàkì púpọ̀ nínú yín. Mo kọ́ yín pé ẹni tó bá mú ti ẹlòmíràn kò tíì dá nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, ìwé tí mo fi ń kọ́ yín gan-an, mo ṣà á láti ara ìwé mẹ́fà, mo sì mọ̀. Gbólóhùn àwọn ẹlòmíràn tó wà nínú àròkọ yẹn kọ́ ló bà á jẹ́. Kò sí ohun kan ṣoṣo tí àròkọ náà ń sọ, òun tó kọ ọ́ kò sì sí níbì kankan nínú rẹ̀ tí a lè rí i kó jókòó. Ohun tó yẹ kí n kọ síbẹ̀ nìyẹn, ì bá gba ìlà méjì péré. Bọ̀lẹ̀kájà yìí ń sọ ohun kan, ó ń sọ ọ́ kedere, òun nìkan ló sì lè sọ ọ́ ní gbogbo Michigan. Bẹ́ǹṣì rẹ̀ ni kò dára.

Kò fèsì. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò fún ike kì í lẹ nǹkan bíi gọ́ọ̀mù pépà. Ńṣe ló ń yọ́ ojú ike méjèèjì títí wọn á fi di ọ̀kan, nítorí náà bẹ́ǹṣì yẹn kò ṣeé fà yọ. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ kan, ó mú ayùn kékeré kan tí eyín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, ó dojú lọ́rì náà dé sórí aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ìyàwó rẹ̀ pè wá láti òkè pé oúnjẹ ọ̀sán ti ń tutù. Èmi ni mo dá a lóhùn.