Coffeemaster: Ẹ̀rọ Tó Mọ Ìgbà Tó Yẹ Kó Dúró

Nígbà tí àwọn ọdún 1930 ń lọ sópin, ilé-iṣẹ́ Chicago Flexible Shaft Company, tó ń ta ohun èlò ilé ìdáná lábẹ́ orúkọ Sunbeam, gbé ẹ̀rọ ìpo-kọfí kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní Coffeemaster. Sáífọ́ọ̀nù ni: ìkòkò méjì tó gun ara wọn, tí páìpù kan so pọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí gíláàsì lára rẹ̀, kò sì nílò àtùpà lábẹ́. Irin tí wọ́n fi króòmù bò ni gbogbo ara rẹ̀, iná mànàmáná ló sì ń jẹ. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, síbẹ̀ àwọn tó fẹ́ràn kọfí ṣì ń wá a kiri lọ́jà àlòkù, wọ́n sì ń fi po kọfí àárọ̀ wọn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀ lójú mi. Nínú gbogbo sáífọ́ọ̀nù oníná tí wọ́n ti ṣe fún ilé gbígbé, òun ló lóye jù lọ irú iṣẹ́ tó yẹ ká gbé lé iná lọ́wọ́. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ dá ẹwà gíláàsì padà fún wa, wọn kò fi ohun púpọ̀ kún òye náà. Ó ní àléébù tirẹ̀ pẹ̀lú, n óò sì sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Omi wà nínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Kọfí lílọ̀ wà nínú ìkòkò òkè, lórí asẹ́. Rọ́bà tó yí ọrùn páìpù ká dí gbogbo ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ lè gbà sá jáde. Bí omi ti ń gbóná, afẹ́fẹ́ àti oru tó há síbẹ̀ ń fẹ̀, wọn kò sì rí ibi gbà, ni wọ́n bá ti omi gba inú páìpù lọ sókè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé omi gbọ́dọ̀ hó dáadáa kó tó lè gòkè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ó tó hó ló ti ń gòkè, ìdí sì nìyẹn tí omi tó ń bá kọfí pàdé lókè fi sábà máa ń wà láàárín 90 sí 96°C, ibi tí àwọn onímọ̀ kọfí fẹ́ kó wà gan-an.

Omi díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sísàlẹ̀, nítorí ẹnu páìpù kò kan ìdí ìkòkò. Omi kékeré yìí ló wá ń hó kùtùkùtù. Oru rẹ̀ ń gba páìpù kọjá, ó ń ru kọfí tó wà lókè, ó sì ń dá a dúró síbẹ̀ kó má baà wá sísàlẹ̀. Bí iná bá kúrò, oru á bẹ̀rẹ̀ sí í padà di omi. Omi tó bá di oru máa ń gba àyè tó ju ìlọ́po 1,600 ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà nígbà tó bá padà di omi, àyè ńlá ló ṣófo lójijì nínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìta á wá ti kọfí gba inú asẹ́ kọjá, á bọ́ sísàlẹ̀ ní mímọ́ gaara, pàǹtí á sì jókòó gbẹ sókè.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́. Láàárín àwọn ọdún 1830 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Loeff ti ṣe irú rẹ̀ ní Berlin. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Madame Vassieux ti ìlú Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, fi gíláàsì róbótó méjì ṣe tirẹ̀, ó fi adé irin lé e lórí, ó sì sọ kọfí pípo di ohun tí àlejò ń wò lórí tábìlì. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ Corning gbé gíláàsì Pyrex tó lè fara da iná jáde ní 1915, sáífọ́ọ̀nù Silex wọ ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ àti ilé gbígbé. Ìṣòro kan náà ló bá gbogbo wọn fínra. Ẹni tó ń po kọfí ní láti dúró tì í. Bó bá tètè pa iná, kọfí á ṣàn padà láìtíì dára. Bó bá gbàgbé, ìkòkò ìsàlẹ̀ á gbẹ, gíláàsì á sán.

Ọ̀nà tí Coffeemaster gbà yanjú èyí ni mo kà sí iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n. Kò lo aago. Wọ́n fi thermostat sí ìdí ìkòkò, ohun kékeré tó ń mọ̀ bí ìgbóná bá ti kọjá ibi tí wọ́n fi sí. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà nísàlẹ̀, irin ìdí ìkòkò kò lè gbóná ju bí omi náà ti gbóná lọ púpọ̀, nítorí omi ń gba ooru náà lọ́wọ́ rẹ̀. Gẹ́rẹ́ tí omi bá gòkè tán, tí díẹ̀ tó ṣẹ́kù sì ń gbẹ lọ, kò sí omi tó pọ̀ tó láti gba ooru mọ́, irin náà á gbóná fòó, thermostat á sì já iná. Òfìfo ìkòkò gan-an ni àmì tó ń dúró dè. Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣe nǹkan kan bóyá omi tí ẹ bù sí i tutù nini tàbí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bóyá ẹ kún un dé ẹnu tàbí ẹ dín in kù díẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka ìṣẹ́jú á ṣì í ṣe. Èyí kì í ka ìṣẹ́jú, omi ló ń ṣọ́. Mo ti wo ọ̀pọ̀ ohun èlò ilé ìdáná òde òní tó kún fún bọ́tìnnì àti iná wẹ́wẹ́, n kò rí èyí tó fi ohun tó kéré tó báyìí ṣe iṣẹ́ tó pé tó báyìí.

Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀ tó kan ẹni tó ń gbé ibi tí iná kì í dúró. Bí iná bá lọ nígbà tí omi ti gòkè, kọfí á kàn tètè sọ̀kalẹ̀ ni, á fúyẹ́ díẹ̀ lẹ́nu, kò sí ohun tó máa jóná. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá fẹ́ gbé e wá sí Nàìjíríà rántí pé fóòtì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, tó jẹ́ nǹkan bí ìdajì tiwa. Láìsí ẹ̀rọ tó ń dín iná kù, tí agbára rẹ̀ sì tó gbé e, ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ kan ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ló máa kú.

Alfonso Iannelli ló ya ìrísí rẹ̀. Ọmọ Ítálì tó dàgbà sí Amẹ́ríkà ni, oníṣẹ́ ère ni pẹ̀lú. Òun ló ṣe àwọn ère Midway Gardens ní Chicago ní 1914, ilé ìgbafẹ́ tí Frank Lloyd Wright ya àwòrán rẹ̀. Ọwọ́ oníṣẹ́ ère hàn lára Coffeemaster. Kò sí igun tó ṣẹ́ lójijì lára rẹ̀. Ìkòkò ìsàlẹ̀ yọ ikùn díẹ̀, ó fún ní ọrùn, ti òkè sì tún là jáde, tí ojú fi ń gùn ún láti ìdí dé orí láìkọsẹ̀. Ọwọ́ ìmú dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tóbi tó láti gbé ìkòkò kíkún láìbẹ̀rù.

Àwọn tó fẹ́ràn sáífọ́ọ̀nù gíláàsì ní ẹjọ́ kan tí wọ́n máa ń ro mọ́ ọn: wọ́n ní ó fi ìdùnnú pa mọ́. Omi tó ń gun òkè fúnra rẹ̀, kọfí tó ń yí nínú rẹ̀, bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń fà sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, irin bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ohun èlò tí èèyàn ń lò lójoojúmọ́ kí ó tó jáde nílé yàtọ̀ sí èyí tí a ń gbé síwájú àlejò. Gíláàsì òkè pẹ̀lú páìpù rẹ̀ gùn, kì í dúró fúnra rẹ̀ lórí tábìlì, inú àwo ìfọwọ́ ló sì ti sábà máa ń fọ́. Irin kò ní ìṣòro yẹn. Ẹ̀sùn tí èmi kà sí gidi ni èyí: nítorí pé a kò rí inú rẹ̀, a kì í mọ̀ nígbà tí òróró kọfí bá ti lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀. Òróró yẹn máa ń kan, á sì máa ba kọfí tuntun jẹ́ lójoojúmọ́ láìjẹ́ kí onílé mọ ibi tí adùn rẹ̀ gbà lọ. Gíláàsì kì í purọ́ nípa ìdọ̀tí.

Láyé òde òní, méjì ló hàn jù nínú àwọn tó tẹ̀lé e. Ilé-iṣẹ́ Bodum, tí Peter Bodum dá sílẹ̀ ní Denmark ní 1944, ṣe ePEBO, tó ń po lítà 1 lẹ́ẹ̀kan. Inú ìdílé Santos ni ẹ̀rọ yìí ti wá, sáífọ́ọ̀nù tí Kaas Klaeson yà fún wọn ní 1958, tí wọ́n fi orúkọ èbúté kọfí ilẹ̀ Brazil sọ. KitchenAid gbé tirẹ̀ jáde ní 2015, gíláàsì àti irin ni, mágínẹ́ẹ̀tì ló ń mú òkè àti ìsàlẹ̀ mọ́ra, asẹ́ irin àti asẹ́ aṣọ sì jọ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ti KitchenAid wù mí nítorí mágínẹ́ẹ̀tì náà, torí ibi tí ìkòkò méjèèjì ti pàdé ni ọ̀pọ̀ sáífọ́ọ̀nù ti ń dà wá láàmú. Asẹ́ méjì tó fún wa tún jẹ́ kí onílé yan irú kọfí tó fẹ́: aṣọ ń mú un mọ́ gaara, irin ń jẹ́ kí òróró àti ìyẹ̀fun díẹ̀ kọjá, kọfí náà á sì ki lẹ́nu. Síbẹ̀, ojúlówó iṣẹ́ iná nínú wọn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti Coffeemaster: mú omi gòkè, mọ ìgbà tó tán, dúró.

Ibi tí gbogbo wọn ti kùnà wà níbì kan náà. Iná mọ ìgbà tí omi gòkè tán, kò mọ ìgbà tí kọfí dára. Ní àwọn ilé kọfí àtijọ́ ilẹ̀ Japan, tí wọ́n ń pè ní kissaten, oníṣẹ́ ọwọ́ kan ló máa ń dúró ti sáífọ́ọ̀nù. Á fi ọ̀pá oparun pẹlẹbẹ ro kọfí kí ó lè rin délẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀, á wo ìfófòó tó wà lórí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa pinnu ìgbà tí iná máa kúrò. Bí kọfí bá jẹ́ èyí tí wọ́n yan fẹ́rẹ́fẹ́, ó lè jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n yan dúdú, á tètè gbé e kúrò. Ẹ̀rọ oníná gba ìpinnu yìí lọ́wọ́ wa, kò sì fún wa ní nǹkan dípò. Nínú ohun tó kù tí onílé lè fi darí adùn kọfí rẹ̀, èyí tó lágbára jù ni bó ṣe lọ̀ ọ́.

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ra ẹ̀rọ yìí fi ọkàn sí ju ibikíbi lọ. Bí kọfí bá kúná jù, asẹ́ á dí, kọfí kò ní lè tètè sọ̀kalẹ̀, á máa rẹ sókè títí á fi korò. Bó bá hàǹpà jù, á ṣàn kọjá lọ láìfún omi ní nǹkan gidi. Kí ó kúná ju gaàrí lọ, kí ó má sì tó èlùbọ́. Ìwọ̀n gíráàmù 60 fún lítà omi kan dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe gbára lé kọfí tí wọ́n ti lọ̀ sínú agolo, nítorí ẹni tó lọ̀ ọ́ kò mọ irú ẹ̀rọ tó wà nílé yín. Owó ẹ̀rọ ìlọkọfí tó dára yẹ kó wà lára owó sáífọ́ọ̀nù náà látìbẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹwà ni a rà.

Irú kọfí tí a fi sí i náà ṣe pàtàkì, torí asẹ́ aṣọ kì í fi ohunkóhun pa mọ́. Arabica tí wọ́n fi sùúrù yan máa ń yọ gbogbo òórùn òdòdó àti èso rẹ̀ jáde níbẹ̀. Robusta, tó pọ̀ jù nínú èyí tí a ń gbìn ní Nàìjíríà, títí kan agbègbè Kabba ní Kogí, máa ń fi ìkorò rẹ̀ hàn gbangba, káféènì rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Arabica. Kì í ṣe pé kò ṣeé mu. Ẹ dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, ẹ jẹ́ kó hàǹpà díẹ̀ sí i, á sì fún yín ní kọfí tó lágbára láìsí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nínú ife.

Àṣìṣe kan wà tí mo gbà pé ti Coffeemaster fúnra rẹ̀ ni, èyí sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń yangàn. Lẹ́yìn tí iná ńlá bá já, iná kékeré á máa mú kọfí gbóná lọ títí ẹ ó fi yọ ọ́ kúrò. Kọfí sáífọ́ọ̀nù máa ń gbóná gan-an nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ìgbà tó bá sì ń tutù díẹ̀díẹ̀ ni adùn rẹ̀ ń yọ. Ẹni tó bá ń mú un gbóná ń se é lẹ́ẹ̀kejì ni. Ẹ yọ ẹ̀rọ náà nínú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ da kọfí sínú fúláàsì.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ń mu ife kan láàárọ̀ kò nílò ẹ̀rọ yìí. Omi tó ń ṣẹ́kù sísàlẹ̀ kì í dín kù bí kọfí bá dín kù, nítorí náà kọfí tó kéré jù máa ń ṣàn jáde ní àbùlà. Ilé tí ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti ń mu kọfí pa pọ̀ ló wà fún. Aṣọ asẹ́ náà ń fẹ́ ìtọ́jú: ẹ fi omi lásán fọ̀ ọ́, ẹ má fi ọṣẹ kàn án, inú omi tútù nínú fìríìjì ni kó máa gbé, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti ń rùn.

Fún ẹni tó bá sì fẹ́ ra àlòkù Coffeemaster, rọ́bà ọrùn rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ tẹ̀ wò. Bó bá ti le gan tàbí ó ti là, oru á máa sá, omi kò ní gòkè tán, kọfí kò sì ní fà sísàlẹ̀. Wáyà rẹ̀ náà ti dàgbà. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tan án. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi omi lásán dán an wò láìfi kọfí sí i. Bí omi bá gòkè, tí iná já fúnra rẹ̀, tí omi sì sáré padà sísàlẹ̀ láìku ẹ̀kán, ẹ san owó rẹ̀.