Ọkọ̀ Kọ́ Ni À Á Fi Sọ Àlejò Lórúkọ

Ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí mo bá ka àríyànjiyàn tí àwọn ará Ọsirélíà ti ń bá ara wọn ṣe láti oṣù kẹjọ ọdún 2001, nígbà tí ìjọba wọn kọ̀ fún Tampa, ọkọ̀ àwọn ará Norway, láti gbé àwọn 433 ènìyàn tí ó yọ nínú ewu òkun wá sí èbúté. Oríṣi àjèjì méjì ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Àwọn kan bá ọkọ̀ òfurufú wọlé pẹ̀lú físà lọ́wọ́, ọjọ́ tí a kọ sínú físà náà pé, wọn kò sì padà lọ. Àwọn kejì wọ ọkọ̀ ìpẹja ògbólógbòó láti Indonéṣíà tàbí Sri Lanka, wọ́n gúnlẹ̀ sí Erékùṣù Christmas láìní físà, wọ́n sì bẹ ìjọba pé kí ó gba àwọn lọ́wọ́ ikú. Ta ni ó jẹ̀bi jù nínú àwọn méjèèjì? Ìbéèrè wọn nìyí. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè náà gan-an ni kò tọ́, àti pé àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bèèrè rẹ̀ ni ó bà á jẹ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ wọn ni n óò yẹ̀ wò níhìn-ín, gẹ́gẹ́ bí a ti í yẹ iṣẹ́ òǹkọ̀wé wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn tí inú ń bí sí ọlọ́kọ̀ ojú omi. Wọ́n ní arúfin ni wọ́n, wọ́n sì já ìlà mọ́ àwọn tí ń fi sùúrù dúró ní àgọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, Scott Morrison, tí í ṣe mínísítà fún ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì nígbà náà, pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní ẹni tí ó wọlé lọ́nà àìbófinmu. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹni tí kò gba ọ̀nà tí a là sílẹ̀ wọlé ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìyípadà kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n orúkọ tuntun náà ti dá ẹjọ́ kí adájọ́ tó jókòó. Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1951 lórí ọ̀rọ̀ ogunléndé, tí Ọsirélíà fọwọ́ sí, sọ ní abala 31 pé kí a má ṣe fìyà jẹ ogunléndé tí ó bá tààrà ti ibi ewu dé nítorí pé kò ní ìwé, bí ó bá tètè fara han ìjọba tí ó sì ní ìdí pàtàkì. Wọn a máa dáhùn pé láti Indonéṣíà ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, a kò sì lépa wọn níbẹ̀. Ìdáhùn náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n Indonéṣíà kò fọwọ́ sí àdéhùn náà. Ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ kò ní ibi tí yóò fi ṣe ilé.

Ní ti ìlà tí wọ́n ní a já, ta ni ó rí i? Ẹni tí ó bá fẹ́ físà àbẹ̀wò gbọ́dọ̀ mú kí òṣìṣẹ́ ìjọba gbà á gbọ́ pé yóò padà sílé. Bí ẹni tí a fẹ́ pa bá sọ òtítọ́, a kò ní fún un. Bí ó bá purọ́, ó di eléké. A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí a kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé ni.

Àwọn tí ń gbèjà ọlọ́kọ̀ ojú omi ní ìdáhùn tiwọn, ó sì mú bí abẹ. Wọ́n ní kí a ka iye. Ní ọdún 2009, àwọn tí ó bá ọkọ̀ ojú omi dé kò tó 3,000. Àwọn tí físà wọn ti parí tí wọ́n sì wà nínú ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50,000. Kódà ní ọdún 2013, tí ọkọ̀ pọ̀ jù lọ, nǹkan bí 20,000 ènìyàn ni ó bá omi dé, àwọn tí físà wọn ti parí sì ju 60,000 lọ. Ará Ṣáínà àti Màléṣíà wà nínú wọn, ará Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà náà sì wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rán ọkọ̀ ogun sí àwọn wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá fara han ọ́fíìsì láti ṣètò àtilọ rẹ̀ a sábà máa rí físà onígbà díẹ̀ gbà.

Mo gbà pé ọ̀rọ̀ yìí tú àṣírí kan: iye kọ́ ni ó ń bà wọ́n lẹ́rù, òfin nìkan náà sì kọ́. Síbẹ̀, n kò lè yìn ín dé òpin. Ohun tí ó ṣe ni pé ó gba pàṣán lórí ẹnìkan, ó gbé e lé ẹlòmíràn lórí, ó sì fi orúkọ burúkú náà sílẹ̀ bí ó ti wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ilé ìwé rẹ̀ tán àti òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ tàn jẹ wà nínú àwọn tí físà ń parí mọ́ lọ́wọ́. Àwa Yorùbá pẹ̀lú mọ̀ pé àwọn ènìyàn wa kan wà ní irú ipò yìí ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà. Bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bá.

Ọkọ̀ kò tilẹ̀ ṣeé fi mọ olóòótọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n bá bàálù dé pẹ̀lú físà kí wọ́n tó wá tọrọ ààbò. Nígbà tí a yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò, àwọn tí a gbà bí ogunléndé tòótọ́ nínú wọn kò tó ti àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, tí ó ju 70 lọ nínú 100 ní ọ̀pọ̀ ọdún.

Àríyànjiyàn kan ṣì kù tí ó wúwo ju ìyókù lọ: òkun ń pa wọ́n. Òtítọ́ ni. Ọkọ̀ kan ṣoṣo, SIEV X, gbé 353 ènìyàn rì ní oṣù kẹwàá ọdún 2001. Òtítọ́ sì ni pé ọkọ̀ dín kù gidigidi lẹ́yìn tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí dá wọn padà lójú omi ní ọdún 2013. Ṣùgbọ́n bí àánú bá ni ó fa ìdènà, ọ̀nà mìíràn ni à bá là fún wọn. Àhámọ́ ọlọ́pọ̀ ọdún ní Nauru àti ní Erékùṣù Manus ni wọ́n rí. Ní Manus ni Behrouz Boochani, ọmọ Kurd láti Ìránì, ti fi tẹlifóònù kọ ìwé rẹ̀, tí ó ń fi í ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, ìwé náà gba ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ ńlá ti ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà. A kò jẹ́ kí òǹkọ̀wé wọ ìlú láti wá gbà á.

Kí ni ó kàn wá nínú èyí? Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tiwa: ogunléndé. Ogun ni ó lé mi dé. Ọ̀rọ̀ náà kò bèèrè bóyá ẹsẹ̀ ni a fi rìn tàbí ẹṣin ni a gùn. Ohun tí ó lé ènìyàn ni ó sọ. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé ni ó kún Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta nígbà tí nǹkan dàrú ní nǹkan bí 1830. N kò sọ pé àwọn baba wa ṣojú àánú sí gbogbo wọn. A mú ọ̀pọ̀ ogunléndé lẹ́rú. Ṣùgbọ́n èdè wọn kò purọ́ lórí ohun tí ó mú àlejò wá.

Lónìí, mo ń gbọ́ lórí rédíò bí àwọn olùka ìròyìn wa ti ń da ogunléndé àti ẹni tí físà rẹ̀ parí pọ̀, tí wọ́n ń pe gbogbo wọn ní arúfin nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn òkèèrè ti pè wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé yìí ni yóò jókòó sí ìdí ẹ̀rọ rédíò tàbí tábìlì ìwé ìròyìn lọ́la. Mo bẹ̀ yín, bí ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ yín, ẹ bèèrè ohun tí ó lé ẹni náà kí ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ.