Gòjé Òyìnbó Lọ́wọ́ Ọmọ Wa

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní Ararọ̀mí-Òwu, nítòsí Apòmù àti Ìkirè, agboolé onílù kan wà tí mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí àwọn àgbà bá ń lu dùndún níbẹ̀, ẹ ó rí ọmọdékùnrin kan tí ó gbé gúdúgúdú kọ́rùn, tí ó ń fi awọ méjì lù ú. Ìyáàlù ni yóò máa sọ̀rọ̀, tí yóò máa ki ènìyàn. Kẹríkẹrì, gangan, ìsáájú àti kànàngó yóò máa gbè é. Ọmọ onígúdúgúdú yẹn kò gbọdọ̀ sáré, kò sì gbọdọ̀ fà sẹ́yìn. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì, gbogbo ìlù dàrú. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sí ìwé fún un. Etí ni ó fi kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ọ́kẹ́sítírà àwọn èwe ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò lóṣù yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi mẹ́nu ba ọmọ náà. Ọ́kẹ́sítírà ni ẹgbẹ́ eléré ńlá ti àwọn òyìnbó: gòjé kékeré, gòjé gbàǹgbà tí à ń fi ìdí rẹ̀ sọlẹ̀, fèrè, ìpè àti ìlù, tí ẹnì kan dúró níwájú wọn, tí ó ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ darí wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1948 ni Ruth Railton dá irú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́langba. Ní Venezuela, 1975 ni José Antonio Abreu bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, tí ó fi ń kó ọmọ tálákà kúrò ní ìgboro.

Àwa tí a ń gbé agbègbè yìí mọ ohun tí títúká jẹ́. Gbọ́nmi-si-omi-ò-to ọjà Apòmù wà lára ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ ogun tí ó tú Òwu ká ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ẹni tí ó túká a máa wá ara rẹ̀ kiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2015, Chi-chi Nwanoku, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ará Ireland, dá ọ́kẹ́sítírà Chineke! sílẹ̀ nítorí pé bí òun bá wo ọ̀tún wo òsì lórí ìtàgé, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀ kì í sí níbẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ní ẹ̀ka èwe, fún àwọn ọmọ ọdún 11 sí 22. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé ka iwájú ni pé kí àwọn ọmọ wọ̀nyí ráyè jókòó níbi tí a kò ti fi àyè gbà wọ́n rí.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo fi ń wọn irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ta ni wọ́n gbà wọlé? Kí ni wọ́n ń ta? Ta ni ó ń gbọ́ ọ?

Lórí èkínní, Chineke! yege. Sheku Kanneh-Mason, tí ó ti bá wọn ṣeré, ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ipò kìíní nínú ìdíje BBC fún àwọn ọ̀dọ́ olórin, ní 2016. Ọmọ tí ó bá rí i yóò mọ̀ pé ọ̀nà là.

Lórí èkejì, wọ́n tún yege. Ní 2021, wọ́n ta African Suite ti Fẹlá Ṣówándé ní àwọn eré Proms ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yin ará, ta ni Ṣówándé? Kì í ṣe ọ́kẹ́sítírà ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ lórin. Ọmọdé akọrin ni ní kàtídírà Marina ní Èkó, lábẹ́ T. K. Ekúndayọ̀ Phillips. Phillips yìí ni ó kọ ìwé ní 1953 lórí orin Yorùbá, tí ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Àbí ẹ̀yin náà kò kọ orin ìsìn tí ọkọ di ọkọ̀ rí? Ṣówándé gbọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ní 1944 ó kọ African Suite fún kìkì gòjé òyìnbó àti hápù. Ó fi orin Ephraim Amu ti Gánà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì fi Akinla, orin háíláìfù, parí rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé, kí ló kàn wá nínú gòjé òyìnbó? Ẹ rọra o. Gòjé tiwa fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ Hausa ni ó ti wá, kí àwọn onísákárà tó sọ ọ́ di tiwa. Ẹni tí ó gbọ́ Yusuf Ọlátúnjí kí ó tó kú ní 1978, ṣé ó lè sọ pé àlejò ni gòjé? Ohun èlò kì í ní ìlú. Ọwọ́ tí ó mú un ni ó ní ìlú.

Ìbéèrè kẹta ni ó ń dùn mí. Ní Kánádà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, Akinla ni wọ́n fi ń ṣí ètò orin Clyde Gilmour lórí rédíò. Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ẹgbẹ́ MUSON bẹ̀rẹ̀ ní 1983, wọ́n sì dá ilé ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ ní Oníkàn ní 1989. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n láti Ararọ̀mí-Òwu, Oníkàn jìnnà, owó ọkọ̀ nìkan tó láti pa ìfẹ́ orin kú.

Lọ́jọ́ kan, mo fi Akinla sí fóònù fún ọmọ onígúdúgúdú yẹn. Ó gbé etí sí i, ó ń fi ìka lu itan. Nígbà tí ó parí, ó ní, "Bàbá, ó dùn o. Ṣùgbọ́n wọn ò ní gúdúgúdú." Ẹ ò rí i! Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó fi rí ohun tí èmi kò rí láti ogún ọdún. Ó wá bi mí pé, "Níbo ni wọ́n ti ń kọ́ ọ?"

Mi ò rí èsì fún un. Ohun tí mo ń fẹ́ ni ọ́kẹ́sítírà èwe kan fún Ìkirè, Apòmù àti Òwu, níbi tí ọmọ onílù yóò ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ onígòjé, tí èkíní yóò kọ́ ìwé orin, tí èkejì yóò kọ́ bí a ṣe ń fi etí mú ìlù. Bí a bá kọ́ wọn ní ìwé láìkọ́ wọn ní etí, aláwòkọ ni a kọ́. Bí a bá sì fi wọ́n sílẹ̀ láìkọ́ rárá, ọmọ yẹn yóò gbé gúdúgúdú kọ́ ara ògiri lọ́jọ́ kan, yóò sì gba iṣẹ́ ọ̀kadà lọ.